Ẹnu Agbẹjọ́rò àti Ọkàn Rẹ̀

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ tí ń kàwé sábà máa ń bi àwọn àgbà, tí àwọn àgbà sì máa ń fi ẹ̀rín dáhùn, bí ẹni pé kò tó ohun tí à ń jókòó rò: Ǹjẹ́ olóòótọ́ ènìyàn lè ṣe iṣẹ́ lọ́yà? Ohun tí wọ́n ń bèèrè kì í ṣe bóyá a lè rí lọ́yà tí kì í jalè. Ohun tí ó ń ká wọn lára ni pé ẹni yìí yóò dìde lónìí fún ẹni tí ó yá ọmọnìkejì rẹ̀ lówó, yóò sì fi gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ hàn pé onígbèsè kò ní àwíjàre kankan. Bí ó bá di ọ̀la, yóò dìde fún onígbèsè mìíràn, yóò sì fi ọgbọ́n kan náà hàn pé ẹni tí ó yáni lówó ni kò ṣe dáradára. Ẹnu kan náà ni. Bí ẹlòmíràn bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìpàdé ìdílé, a ó pè é ní ẹlẹ́nu méjì. Àwa tí a sì ti ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì mọ Tertulu, ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn rẹ̀ kó ẹ̀sùn jọ sí Pọ́ọ̀lù lọ́rùn níwájú gómìnà. Ìrántí rẹ̀ kò mú kí a fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Kí ló wá dé tí a fi ń kà á sí iṣẹ́ ọlá?

Èdè wa ti fi apá kan ìdáhùn náà pamọ́ sínú orúkọ iṣẹ́ náà. Agbẹjọ́rò ni ẹni tí ó gba ẹjọ́ rò. Ẹjọ́ kì í ṣe tirẹ̀. Ó gbà á ni, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gba ẹrù lórí ẹni tí ó rẹ̀. Orúkọ náà kò wí pé ó gba ẹjọ́ gbọ́. Àwọn tí ó sọ ọ́ lórúkọ yìí mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ọ̀tọ̀ sì ni kí ó bá ẹlòmíràn sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kò tó láti dá iṣẹ́ láre. Mo fẹ́ kí a wo irú lọ́yà kan tí àwọn ènìyàn wa kì í sábà bá pàdé, èyíinì ni ẹni tí ń gba ẹjọ́ àwọn oníṣòwò ńlá rò ní ìlú London. Nítorí níbẹ̀ ni ìbéèrè yìí ti le jùlọ, níbẹ̀ náà ni ẹjọ́ kan sì ti wáyé tí ó kù díẹ̀ kí ó gba ohun tí ó ju bílíọ̀nù 11 dọ́là lọ lọ́wọ́ Nàìjíríà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì oríṣi lọ́yà méjì ni ó wà. Sọ̀lísítọ̀ ni ó ń gba ẹlẹ́jọ́ sílé, tí ń kọ ìwé, tí ń kó ẹ̀rí jọ. Bárísítà ni ó ń dìde níwájú adájọ́ láti sọ̀rọ̀. Ní Nàìjíríà ẹnìkan náà ni ó lè ṣe méjèèjì, nítorí náà ni ọ̀pọ̀ wa kò fi mọ ìyàtọ̀ wọn. Ẹni tí yóò bá di bárísítà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ní ọ̀kan nínú ilé àtijọ́ mẹ́rin tí ó wà ní London, èyíinì ni Inner Temple, Middle Temple, Lincoln's Inn àti Gray's Inn. Lẹ́yìn ìdánwò yóò sin ògbóǹtagí kan fún ọdún kan bí ọmọ-iṣẹ́ ti ń sin ọ̀gá: yóò máa ka ìwé ẹjọ́ rẹ̀, yóò máa wò ó bí ó ti ń bi ẹlẹ́rìí léèrè, yóò máa kọ èsì tí ọ̀gá yóò fà ya. Nígbà tí ó bá gba òmìnira, yóò bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó sí ilé iṣẹ́ kan, wọn yóò jọ máa san owó ilé àti owó akọ̀wé, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ni ó ń dá iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe. Ìdí nìyí tí bárísítà méjì láti inú ilé kan náà fi lè dojú kọ ara wọn ní kóòtù ní òwúrọ̀, kí wọ́n sì jọ mu tíì ní ìrọ̀lẹ́. Bí ọdún bá gorí ọdún tí òkìkí rẹ̀ sì kàn, a lè sọ ọ́ di agbẹjọ́rò Ọba, ẹni tí ń wọ ẹ̀wù sílíìkì.

Ẹni tí ó bá yan ẹ̀ka òwò lè má rí apànìyàn tàbí olè ní kóòtù títí yóò fi fẹ̀yìntì. Ọkọ̀ òkun tí ó rì pẹ̀lú ẹrù, ilé ìfowópamọ́ tí ó wó, àdéhùn epo tí a yẹ̀, àwọn wọ̀nyí ni oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn kan fi rò pé kò sí ọ̀ràn ẹ̀rí-ọkàn níbẹ̀ rárá: olówó ń bá olówó jà, kí ni ó kan tálákà? Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Owó tí orílẹ̀-èdè bá pàdánù ní kóòtù, ilé-ìwòsàn tí a kò ní kọ́ ni, owó-oṣù olùkọ́ tí a kò ní san ni, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Ìlànà kan wà láàrin àwọn bárísítà tí wọ́n fi wé ọkọ̀ takisí tí ó tò ní ibùdókọ̀. Takisí tí ó kàn kò gbọdọ̀ máa ṣa èrò. Ẹni tí ó bá yọ sí i, ìbáà ṣe ọ̀rẹ́, ìbáà ṣe ẹni tí ojú rẹ̀ kò fani mọ́ra, ni yóò gbé, bí ó bá ti lè san owó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni bárísítà: bí ẹjọ́ bá jẹ́ irú èyí tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, tí àyè rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí owó iṣẹ́ sì tọ́, kò gbọdọ̀ kọ̀ ọ́ nítorí pé ó kórìíra ẹlẹ́jọ́ tàbí èrò rẹ̀. Òfin náà ní àwọn àyè tí ènìyàn lè gbà jáde, ṣùgbọ́n ìkórìíra kò sí lára wọn.

Ìtàn ìlànà yìí kò ṣe é fojú tẹ́ńbẹ́lú. Ní ọdún 1792 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pe Thomas Paine lẹ́jọ́ nítorí ìwé tí ó kọ lórí ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn. Thomas Erskine, ẹni tí ó jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà fún ọmọ ọba tí a ń retí pé yóò gorí ìtẹ́, ni ó gba ẹjọ́ náà rò. Wọ́n dá Paine lẹ́bi, Erskine sì pàdánù ipò rẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ ọba. Èrò tí ó dúró lé ni pé, bí agbẹjọ́rò bá kọ ẹjọ́ nítorí tí ó rò pé ẹlẹ́jọ́ jẹ̀bi, ó ti sọ ara rẹ̀ di adájọ́ kí adájọ́ tó jókòó. Àwọn baba wa kò mọ Erskine, ṣùgbọ́n wọ́n wí pé, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Adájọ́ ni òwe náà ń bá wí. Síbẹ̀ ó kan agbẹjọ́rò pẹ̀lú, nítorí bí gbogbo ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ í sọ bá kẹ̀yìn sí ẹni tí ìlú kórìíra, ẹjọ́ ẹnìkan ni adájọ́ yóò gbọ́, bí ó ti wù kí ó jẹ́ olóòótọ́ tó.

Ẹ̀kọ́ yìí sì ṣe wá ní àǹfààní. Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ni ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tí a gbà sí iṣẹ́ bárísítà. Inner Temple ni ó ti gbà á ní ọdún 1879, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní 1888. Lẹ́yìn èyí, ní ọdún 1921, Olóyè Amodu Tijani, ẹni tí í ṣe Olúwa ní Èkó, gbé ìjọba lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìdájọ́ Ọba ní London nítorí ilẹ̀ Àpápá, ó sì jàre. Bí àwọn tí ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀ náà bá ti wí pé àwọn kò ní bá olóyè aláwọ̀ dúdú dojú kọ ìjọba Ọba àwọn fúnra wọn, ta ni ì bá gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ fún un?

Síbẹ̀ àwọn kan wà tí kò gbà. Ní March ọdún 2023, ó ju lọ́yà 120 lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó fi ọwọ́ sí ìwé kan pé àwọn kò ní ṣiṣẹ́ fún ìdáwọ́lé titun lórí èédú, epo àti gáàsì, nítorí ìbàjẹ́ tí ó ń ṣe sí ojú ọjọ́ ayé. Wọ́n ní takisí tí ó mọ̀ pé èrò òun ń lọ dáná sun ilé kò lè wí pé iṣẹ́ òun ni òun ń ṣe. Èmi kò lè fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yìí sẹ́yìn. Òtítọ́ sì ni pé ilé-iṣẹ́ epo ńlá kò ní ṣe aláìrí lọ́yà láéláé. Ìlànà takisí kò ṣe é ní oore kan tí owó rẹ̀ kò lè ṣe fún un. Ṣùgbọ́n bí a bá gba ẹni rere láyè láti ṣa èrò lónìí, ẹni búburú pẹ̀lú yóò gba àyè kan náà ní ọ̀la, ẹni tí a ó sì fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà kò ní jẹ́ olówó.

Mo gbà nígbà náà pé ènìyàn lè yá ẹlòmíràn ní ẹnu rẹ̀ láìpa irọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí àwọn ààlà tí ó mú kí èyí ṣeéṣe. Bárísítà kò gbọdọ̀ wí fún adájọ́ pé, "Èmi gbàgbọ́ pé ẹni yìí jàre"; ohun tí ẹ̀rí fi hàn àti ohun tí òfin wí nìkan ni ó lè sọ. Kò gbọdọ̀ sọ ohun tí ó mọ̀ pé irọ́ ni. Bí ìdájọ́ àtijọ́ kan bá wà tí ó lòdì sí i, tí alátakò rẹ̀ kò sì rántí rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ fi han adájọ́. Bí ìwé àṣírí láàrin alátakò àti lọ́yà rẹ̀ bá ṣèèṣì bọ́ sí i lọ́wọ́, kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di ohun ìjà. Ìgbọràn rẹ̀ sí kóòtù ga ju ìgbọràn rẹ̀ sí ẹni tí ń san owó. Bí a bá mú àwọn ààlà wọ̀nyí kúrò, Tertulu nìkan ni yóò kù.

Ààlà kan tún wà tí ó ti pẹ́ ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, òun ni mo sì fẹ́ kí a dúró lé lórí. Láti ayébáyé ni òfin Gẹ̀ẹ́sì ti kà á sí ọ̀ràn pé kí ẹni tí ẹjọ́ kò kàn fi owó tì í lẹ́yìn kí ó lè pín nínú ohun tí a bá gbà. Owó tí a ń fún bárísítà gan-an, ẹ̀bùn ọ̀wọ̀ ni a kà á sí. Títí di ọdún 1990 kò lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ nítorí rẹ̀. Ẹ lè rẹ́rìn-ín sí àṣà yìí, nítorí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé bárísítà ń jẹun. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nínú rẹ̀: wọn kò fẹ́ kí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ní ìpín nínú ohun tí à ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ní ọdún 1967 ni wọ́n mú pínpín èrè ẹjọ́ kúrò lára ọ̀ràn tí a ń tìtorí rẹ̀ jìyà. Lẹ́yìn náà wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀, títí di 2013 tí wọ́n fi gba lọ́yà láyè, lábẹ́ ìlànà, láti bá ẹlẹ́jọ́ ṣe àdéhùn lórí ìpín nínú owó tí a bá jẹ.

Kí a má baà dá àyípadà yìí lẹ́bi kánkán, ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀ka òfin tí a ń pè ní òfin ìdíje nínú òwò. Òfin yìí kò fẹ́ kí àwọn tí ń ta ọjà kan náà mulẹ̀ láti gbé iye owó sókè, tàbí kí ẹni tí ó tóbi jù fi títóbi rẹ̀ tẹ àwọn yòókù mọ́lẹ̀. Amẹ́ríkà ṣe tirẹ̀ ní 1890, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi í sínú àdéhùn Róòmù ní 1957, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún tirẹ̀ ṣe ní 1998, Nàìjíríà sì ní òfin tirẹ̀ tí ó ń jẹ́ ti ọdún 2018. Ohun tí ó ń bá wí kò ṣàjèjì sí wa. Nínú àwọn ọjà wa a mọ ẹgbẹ́ tí ń bu owó ìtanràn lé ẹni tí ó bá tà ní ọ̀pọ̀, wọ́n sì ń pe èyí ní ìṣọ̀kan. Àwọn olùṣe fítámì ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an: wọ́n ń pàdé ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n ń pín ayé mọ́ ara wọn lọ́wọ́, títí tí àwọn aláṣẹ Yúróòpù fi bu mílíọ̀nù 855 yúrò lé ilé-iṣẹ́ mẹ́jọ nínú wọn ní November ọdún 2001, èyí tí ó ju ìdajì rẹ̀ lọ sì bọ́ sórí Hoffmann-La Roche nìkan. Nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó bá kọ́kọ́ jẹ́wọ́, tí ó sì tú àṣírí àwọn yòókù, lè lọ láìsan kọ́bọ̀. Nítorí náà ìmọ̀ràn tí ó dára jùlọ tí lọ́yà lè fún oníṣòwò náà ni pé kí ó sáré lọ jẹ́wọ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó dé ibẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ fún ẹ̀yin olùkọ́ láti rò bóyá ìrònúpìwàdà ni a ó pe èyí.

Ta ni yóò wá gba owó padà fún ẹni tí ó ra ọjà ọ̀wọ́n náà? Ohun tí olúkúlùkù pàdánù kò tó owó ọkọ̀ tí yóò gbé e dé kóòtù. Ní ọdún 2016 Walter Merricks pe Mastercard lẹ́jọ́ ní London ní orúkọ nǹkan bí mílíọ̀nù 46 ènìyàn, nítorí owó tí a ń gbà lọ́wọ́ àwọn onísọ́ọ̀bù nígbàkúùgbà tí a bá fi káàdì sanwó, èyí tí ó wí pé ó ti gbé iye ọjà ga. Bí kò bá sí ilé-iṣẹ́ olówó kan tí ó fi owó sílẹ̀ pẹ̀lú ìrètí èrè, ẹjọ́ náà kì bá ti dé ibì kankan. Nítorí náà kò ṣeéṣe láti wí pé ìpín nínú ẹjọ́ kò dára rárá. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ti parí. Nígbà tí Merricks gbà láti fi 200 mílíọ̀nù pọ́n-ùn parí ọ̀rọ̀, ẹni tí ó yọ owó sílẹ̀ kò fara mọ́ ọn. Ó tako ìparí náà gidigidi, síbẹ̀ ilé-ẹjọ́ fọwọ́ sí i ní 2025. Ẹlẹ́jọ́ fẹ́ parí ìjà. Ẹni tí ó ní ìpín fẹ́ kí ìjà máa lọ. Nígbà tí ìpín bá wọlé, ẹni mìíràn ti jókòó sí orí ẹjọ́ náà tí ojú rẹ̀ kò sí níbi tí ti ẹlẹ́jọ́ wà.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sí ibi ìlàjà. Àwọn àgbà wa wí pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Èrò kan náà ni ó mú kí àwọn oníṣòwò ayé sá fún kóòtù. Nínú àdéhùn wọn wọ́n a kọ ọ́ pé, bí ìjà bá dé, a kò ní lọ sí kóòtù ẹnikẹ́ni nínú wa. Olúkúlùkù yóò yan onílàjà kan, a ó sì wá ẹnìkẹta tí yóò ṣe olórí wọn. Ìdájọ́ àwọn mẹ́ta yìí kì í ṣe ìmọ̀ràn lásán. Nípa àdéhùn tí a ṣe ní New York ní 1958, èyí tí Nàìjíríà wọ̀ ní 1970, ẹni tí ó bá jàre lè mú ìdájọ́ náà lọ sí ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn orílẹ̀-èdè ayé kí ó sì fi gba ohun ìní ẹni tí ó jẹ̀bi. Ní ọ̀nà kan ó dà bí ẹjọ́ tí a ń gbé lọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀ baálé. Ṣùgbọ́n níbi tí ó ti yàtọ̀, ó yàtọ̀ púpọ̀: ọ̀ọ̀dẹ̀ baálé kò ní ilẹ̀kùn, ẹni tí ń kọjá lè dúró gbọ́, ó sì lè wí pé, "Baba, irọ́ ni ẹni yìí ń pa." Ìlàjà ti London, nínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ni.

Ní January ọdún 2010, iṣẹ́-ìjọba tí ń ṣe àbójútó epo ní Nàìjíríà bá ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Process and Industrial Developments, tí a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní erékùṣù British Virgin Islands, ṣe àdéhùn ogún ọdún. Ìjọba yóò máa fi gáàsì ránṣẹ́ láìgba owó. Ilé-iṣẹ́ náà yóò kọ́ ibi tí a ó ti fọ̀ ọ́ ní Cross River, yóò dá èyí tí ó mọ́ padà láti fi ṣe iná mànàmáná, yóò sì mú ohun iyebíye tí ó bá yọ nínú rẹ̀ tà. Gáàsì kò dé, ilé ìfọgáàsì kò dìde. Ní 2012 ilé-iṣẹ́ náà pe ìjọba síwájú onílàjà. Lord Hoffmann ni ó ṣe olórí. Àwọn méjì yòókù ni Sir Anthony Evans àti Olóyè Bayo Ojo tí ó ti ṣe agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba àpapọ̀ rí. Ní 2015 wọ́n dá Nàìjíríà lẹ́bi. Ní January 2017 méjì nínú àwọn mẹ́ta ní kí ó san bílíọ̀nù 6.6 dọ́là, pẹ̀lú èlé dọ́là 7 lórí ọgọ́rùn-ún ní ọdọọdún. Olóyè Ojo ní tirẹ̀ rò pé mílíọ̀nù 250 tó. Èlé ń pọ̀ sí i, títí gbogbo rẹ̀ fi ju bílíọ̀nù 11 lọ ní 2023, nítorí ilé-iṣẹ́ tí a kò fi bíríkì kan lélẹ̀ fún.

Nàìjíríà gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù ní London, ó ní èrú ni wọ́n fi gba ìdájọ́ náà. Ní ọjọ́ 23 October ọdún 2023 Adájọ́ Robin Knowles dá a láre. Ohun mẹ́ta ni ó rí. Èkínní, ẹni tí ó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ti jẹ́rìí irọ́ níwájú àwọn onílàjà. Èkejì, wọ́n ti fún òṣìṣẹ́ àgbà kan ní ẹ̀ka òfin iṣẹ́-ìjọba náà ní rìbá, wọ́n sì ń san owó fún un lọ kí ó má baà tú àṣírí. Ẹ̀kẹta, ní gbogbo ìgbà tí ìlàjà náà ń lọ lọ́wọ́, ìwé àṣírí láàrin Nàìjíríà àti àwọn lọ́yà rẹ̀ ń dé ọwọ́ ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n ń kà á, wọ́n sì fi í pamọ́. Ẹ rò ó wò: ẹ̀yin ń ta ayò, alátakò yín sì ń wo inú ọwọ́ yín. Ní December ọdún náà adájọ́ fagi lé gbogbo ìdájọ́ onílàjà náà pátápátá.

Ó tún sọ ohun kan nípa lọ́yà méjì tí ó wà ní apá ilé-iṣẹ́ náà, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ bárísítà. Ó rí i pé wọ́n mọ̀ pé kò yẹ kí àwọn ìwé náà wà lọ́wọ́ àwọn, wọn kò sì dá wọn padà; ó sì ní owó tí wọ́n ń retí ni ó fà á. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá rí owó gbà, iye tí ó lè tó 850 mílíọ̀nù pọ́n-ùn ni yóò kan ọ̀kan, iye tí ó lè tó bílíọ̀nù 3 ni yóò kan èkejì. Adájọ́ fi ẹ̀dà ìdájọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tí ń ṣe àkóso iṣẹ́ lọ́yà méjèèjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. N kò dárúkọ wọn, nítorí kì í ṣe àwọn ni mo ń wá.

Ohun tí mò ń wá nìyí. Ní ọdún 2023 kan náà, níwájú Adájọ́ Knowles, àwọn bárísítà mìíràn dìde fún ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n fi gbogbo ọgbọ́n wọn jà fún un, wọ́n ṣubú, wọ́n kó ìwé wọn, wọ́n lọ sílé. Bí èmi bá jókòó láti dá wọn lẹ́jọ́, n kò rí ẹ̀bi kankan lọ́wọ́ wọn. Láìsí wọn, ẹjọ́ ẹnìkan ni adájọ́ ì bá gbọ́, ìdájọ́ tí ó tú Nàìjíríà sílẹ̀ kì bá sì ti ní ìwọ̀n tí ó ní. Àwọn náà àti àwọn méjì tí mo sọ, ẹlẹ́jọ́ kan náà ni wọ́n ṣiṣẹ́ fún. Nítorí náà kì í ṣe ẹni tí ènìyàn sọ̀rọ̀ fún ni ó bà á jẹ́. Bí lọ́yà bá ní 850 mílíọ̀nù nínú ẹjọ́, kò gba ẹjọ́ rò mọ́. Ó ti di ẹlẹ́jọ́ tí ó wọ aṣọ agbẹjọ́rò. Àyè tí a fi sílẹ̀ láàrin ẹnu rẹ̀ àti ọkàn rẹ̀, èyí tí ó mú kí ó lè wí fún ẹlẹ́jọ́ pé, "Ìwé yìí kì í ṣe tiwa, dá a padà," ti dí.

Ẹnìkan lè wí pé owó iṣẹ́ ojoojúmọ́ pẹ̀lú ń fa ọkàn ènìyàn, nítorí lọ́yà tí ń ṣubú nígbà gbogbo kò ní rí ẹni tí yóò bẹ̀ ẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ó san owó fún, ìbáà jàre, ìbáà jẹ̀bi, lè farada ìṣubú. Ilé rẹ̀ kò ní wó. Ẹni tí gbogbo ọrọ̀ ayé rẹ̀ dúró lórí ìdájọ́ kan kò lè farada òtítọ́ tí ó bá lòdì sí i. A kò nílò ènìyàn búburú kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ẹni dáradára ni, a kàn gbé e sí ibi tí ó le jù fún un.

A kò sì gbọ́dọ̀ rò pé London nìkan ni ẹ̀bi wà. Àwọn ìwé àṣírí náà, láti ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti jáde. Ìjà tí a gbé síwájú àwọn onílàjà ní ìbẹ̀rẹ̀ kò lágbára, ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a bi ẹlẹ́rìí ni a kò bi í, àwọn mẹ́ta tí ó jókòó sì dá ohun tí wọ́n gbọ́. Adájọ́ Knowles fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé ó yẹ kí àwọn tí ń ṣe irú ìlàjà yìí tún inú rò, nígbà tí ó bá kan orílẹ̀-èdè àti owó tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ní May ọdún 2023, oṣù díẹ̀ ṣáájú ìdájọ́ náà, Nàìjíríà ṣe òfin titun lórí ìlàjà. Òfin náà mú èèwọ̀ àtijọ́ kúrò lórí kí àjèjì máa fi owó ti ẹjọ́ lẹ́yìn níbi ìlàjà: ó gbà á láyè, bí a bá ti fi orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni náà han alátakò àti àwọn onílàjà. Ní gbangba nìyẹn, ó sì sàn ju ìkọ̀kọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tí ó ni owó kò sọ fún wa iye tí ń bọ̀ wá kàn án, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ fún wa bóyá lọ́yà tí ó dìde láti sọ̀rọ̀ ní tirẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìbéèrè kejì yìí ni n bá fẹ́ kí onílàjà bi lọ́yà kí ó tó jẹ́ kí ó la ẹnu.